Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Kan Wo Kánò Àtijọ́ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ibẹ̀

Láti Àbújá dé Kánò tó nǹkan bí 400 kìlómítà. Ẹni tó bá ní òun á wọ mọ́tò láàárọ̀, kí òun padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, títì nìkan ló máa wò. Ẹ dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ẹ tètè gbéra kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà Kàdúná. Ọkọ̀ òfurufú kì í ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ẹ sùn sí Sabon Gari, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní Kánò bí àwọn Hausa ṣe pọ̀ ní Sábó lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ ò ní ṣaláì rí ẹni tó máa júwe amọ̀nà tó ṣeé fọkàn tán fún yín níbẹ̀. Ìyẹn sàn ju ẹni tó bá dì mọ́ yín lẹ́nu ọjà lọ.

Kí ẹ tó jáde

Ẹ má mú ọjọ́ Jímọ̀. Tó bá ti ń di ọ̀sán, àwọn oníṣẹ́ á ti máa múra ìrun, agbègbè ààfin á sì há gádígádí. Nínú oṣù Ààwẹ̀, iṣẹ́ máa ń falẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán sì máa ń ṣòro rí. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù. Oòrùn oṣù Kẹta àti Kẹrin ò mọ àlejò.

Ẹ bá amọ̀nà ná an kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní a daidaita sahu níbẹ̀. Ṣé owó ọjọ́ odindi ni? Ta ló máa san owó kẹ̀kẹ́? Ṣé owó ìwọlé mùsíọ́mù wà nínú rẹ̀? Ẹ sì sọ fún un láti ilẹ̀ pé ẹ ò ní ra nǹkan kan kó tó di ọ̀sán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yà sí, owó yín á sì ti tán kí ẹ tó dé ibi tí ọjà gidi wà.

Kí àwọn obìnrin borí, kí wọ́n wọ aṣọ tí kò fún. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀ nítorí gọ́tà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

Aago mẹ́jọ àárọ̀: kòtò aró Kofar Mata

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀ jù. Wọ́n ní láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Nílé wa, obìnrin ni aláró, inú ìkòkò sì ni aró ń wà. Ní Kánò, ọkùnrin ni, kòtò tó jìn tó mítà 6 ni wọ́n sì ń lò.

Èlú, eérú igi, kán-ún àti omi ni wọ́n ń pò pọ̀. Àdàlú yìí á kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó ṣeé lò. Ẹ dúró ti ẹni tó ń rẹ aṣọ. Bó bá ti fa aṣọ náà jáde, ẹ óò rí i pé àwọ̀ ewé ló ní, kì í ṣe ti aró. Kó tó fún omi rẹ̀ tán, atẹ́gùn á ti sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í, tí wọ́n ń gbé e sókè, tí wọ́n tún ń rì í. Fún búlúù fẹ́rẹ́fẹ́, kì í tó wákàtí kan. Èyí tó dúdú kirikiri lè gba wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó bá ń kánjú, tó sì ní dúdú lòun fẹ́, aṣọ tó rí ṣákaṣàka ló máa gbé lọ.

Ẹ lè mú aṣọ funfun tiyín dání, àmọ́ kó jẹ́ òwú pọ́ńbélé, kí ẹ sì ti fọ sítáàṣì rẹ̀ kúrò nílé. Pọlisítà kì í gba èlú.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń lu aṣọ. Àwọn ọkùnrin á kọjú síra, wọ́n á máa fi òòlù igi lu aṣọ lórí ìtì igi títí yóò fi máa dán bí irin. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi: dídán rẹ̀ á lọ. Èyí tí wọn ò lù, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, kí ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má jẹ́ kí Hypo kàn án.

Aago mọ́kànlá: Gidan Makama

Ilé sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún ni, òun ló wá di mùsíọ́mù. Ààfin wà lódìkejì rẹ̀. Ẹ wo ògiri dáadáa: tubali, ìṣù amọ̀ tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi mọ ọ́, azara tí wọ́n là lára ọ̀pẹ giginya ló sì gbé òrùlé, nítorí ikán kì í lè jẹ ẹ́. Wákàtí kan tó. Ìta ni kí ẹ ti wo ààfin àyàfi tí ẹ bá ti gbàṣẹ. Awuyewuye ti wà lórí ìtẹ́ ọba Kánò láti 2024. Ẹ má dá sí i.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán: ọjà Kurmi

Ẹ kọ́kọ́ jẹ tuwo shinkafa (òkèlè ìrẹsì) pẹ̀lú miyan taushe (ọbẹ̀ elégédé). Ayé ọba Muhammadu Rumfa (1463–1499) ni wọ́n dá ọjà yìí sílẹ̀, ojú ọ̀nà inú rẹ̀ sì tóóró débi pé ńṣe lẹ máa tò lẹ́yìn ara yín. Ẹ gbé báàgì sí iwájú.

Agbádá oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, tó ní bátànì bíi aska biyu àti aska takwas, ló máa wu Yorùbá jù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó ná an. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í dọ́gba délẹ̀, ẹ óò sì rí kókó níbi tí òwú ti tán. Ti ẹ̀rọ á lọ déédéé. Iye méjèèjì ò gbọdọ̀ jọra, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó.

Ní ti awọ, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Ojúlówó á ní fọ́nrán, àtọwọ́dá á fi aṣọ hàn lábẹ́. Ẹ mí ooru ẹnu sí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí òkú ẹran, wọn ò fi èso igi bagaruwa, tí wọ́n fi ń ṣe awọ, ṣe é jinná, yóò sì burú sí i lásìkò òjò.

Bí ọlọ́jà bá dáhùn pé “Albarka”, kò tíì tà á o. Owó yẹn ò gbà ló ń wí. Ẹ fi díẹ̀ lé e.

Ẹ jáde kí aago márùn-ún tó lù, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó dé. Aṣọ aró àti awọ kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì kan náà: ẹ wé aṣọ sínú náílọ́nù, ẹ wé awọ sínú bébà, nítorí òógùn díẹ̀ tó fún aró láti ba awọ tó mọ́ jẹ́.