Ẹ̀là àpáta abẹ́ òkun: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa òkè Reykjanes

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn rí òkè gígùn abẹ́ òkun lórí máàpù, kó fa ìlà tó gé e ní 90 dígírì, kó wá ní ọ̀nà ibẹ̀ ni awẹ́ ilẹ̀ méjèèjì, ìyẹn àwọn abala àpáta ńláńlá tó gbé ilẹ̀ àti òkun ró, ń gbà fi ara wọn sílẹ̀. Ní òkè Reykjanes, lábẹ́ òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Iceland, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àríwá ìlà-oòrùn ni òkè náà kọjú sí, àmọ́ ọ̀nà tí awẹ́ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà Àríwá ń gbà jìnnà síra, ní nǹkan bí mìlímítà 20 lọ́dún, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn gan-an. Ìfà náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tí ẹ fà yẹn á fi nǹkan bí 30 dígírì ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo ẹ̀là ibẹ̀, ìyẹn ibi tí àpáta ti là, pọ̀ kí ẹ wá ìpíndọ́gba igun wọn. Ohun tó máa jáde lè má bá ẹyọ kan mu nínú wọn. Ní àárín gbùngbùn, níbi tí àpáta ti gbóná tó sì fẹ́lẹ́, ẹ̀là kéékèèké ló pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dábùú ìfà náà. Àwọn òkè ayọnáyèéfín ibẹ̀ kò tò sórí ìlà kan: ìdí ọ̀kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí èkejì. Ní etí, níbi tí àpáta ti tutù tó sì nípọn, ẹ̀là ńláńlá ló wà, ìlà òkè fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní òkè Mohns, láàárín Greenland àti Norway.

Ẹ má sì máa wá transform fault, ìyẹn ẹ̀là ńlá tó gé òkè sí méjì tí awẹ́ ilẹ̀ ti ń gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, síbi gbogbo tí òkè bá ti yẹ̀ díẹ̀. Romanche àti Chain, irú ẹ̀là bẹ́ẹ̀ méjì ní òkun Àtìláńtíìkì tó dojú kọ etíkun tiwa níbí, ló mú ọ̀pọ̀ wa rò bẹ́ẹ̀. Reykjanes gùn tó nǹkan bí 900 kìlómítà láìní ẹyọ kan.

Ẹ ṣọ́ àwòrán máàpù abẹ́ òkun náà. Tí kọ̀ǹpútà bá tan ìmọ́lẹ̀ sórí máàpù láti ìhà kan ṣoṣo, ẹ̀là tó bá lọ ní ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í ní òjìji, kì í sì í hàn. Ẹ yí ìmọ́lẹ̀ náà kiri kí ẹ tó fa ìlà kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀mí èèyàn. Ní Oṣù Kọkànlá 2023, mágímà, ìyẹn àpáta yíyọ́ tó gbóná, wọ abẹ́ ìlú Grindavík, níbi tí òkè yìí ti gun ilẹ̀ Iceland. Títì là, ilẹ̀ rì ju mítà kan lọ láwọn ibì kan, wọ́n sì kó gbogbo ará ìlú jáde. Ààlà awẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Mágímà náà, tó gùn tó nǹkan bí 15 kìlómítà, kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá fi ààlà nìkan ya máàpù ewu, ibi tí ilẹ̀ kò ti là ló máa kùn ní pupa.