Ọ̀rọ̀pọ̀, Ó Tó: Bí Mo Ṣe Dín Gbígbó Ajá Mi Kù

Wọ́n ní ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ajá tèmi, gbogbo ẹni tó bá wá ló mọ̀, ó sì fẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ru omi kọjá, ó gbó. Ẹni tó wá gba aṣọ, ó gbó. Ológbò rìn lórí fẹ́ǹsì, ìyẹn di ẹjọ́ wákàtí kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ti sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀pọ̀ kí wọ́n tó fún mi. Aládùúgbò wọn kan ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn bá wí, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀. Àfi bíi pé ajá náà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ní Èbúté Mẹ́tta. Ilé alájà kan ni, yàrá mẹ́jọ, géètì kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà níwájú ilé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tí a jọ háyà ilé fẹjọ́ mi sùn. Bàbá onílé pè mí, wọ́n ní oṣù kan péré ni àwọn fún mi: kí ajá dákẹ́, tàbí kó kẹ́rù rẹ̀. Ohun tí mo fi oṣù yẹn ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Bó bá ti gbó, èmi náà á figbe ta látorí máṣíìnì: “Ọ̀rọ̀pọ̀! Panu dé!” Á wò mí, á ju ìrù, á sì tún gbó le sí i. Lójú tirẹ̀, èmi náà ń gbó ni, a ti di méjì. Ọkùnrin kan tó ń ta ajá ní kí n fi okùn di ẹnu rẹ̀. Ẹ má dán an wò o. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu tó là sílẹ̀, ahọ́n tó yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ibẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ di í lẹ́nu nínú oòrùn Èkó, ẹ lè padà wá bá òkú rẹ̀. Àwọn tó ní ká máa fún ajá ní ẹ̀tù ìbọn àti ata kó lè gbójú, májèlé ni wọ́n ń fún un.

Ìgbà tí ọgbọ́n orí tán, mo rántí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Télọ̀ kì í gé aṣọ láìwọn ara. Mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, mo fi rúlà fa ìlà mẹ́rin: aago mélòó ló gbó, kí ló ń gbó, báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí, kí ló mú un dákẹ́. Ọjọ́ méje ni mo fi kọ ọ́. Ìlà kẹrin yẹn ni kí ẹ má fojú fò. Ẹ wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

5:20 ìdájí. Àlhájà ń sọ̀kalẹ̀ lọ kírun Àsùbá. Ohùn tó nípọn, léraléra. Ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n jáde ní géètì.

10:40. Ṣúmékà ń kan àpótí rẹ̀ bọ̀. Ohùn tín-ín-rín, ó ń fà sẹ́yìn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Ó dákẹ́ nígbà tí ṣúmékà yà ní kọ́nà.

2:15. Mo ń jẹun. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó dúró díẹ̀, ó tún gbó lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́ nígbà tí mo ju ẹran sí i.

Ajá kan náà, ẹnu kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan. Àkọ́kọ́, ó ń ṣọ́lé. Ìkejì, ẹ̀rù ń bà á. Ìkẹta, ó ń tọrọ jẹ, èmi gan-an ni mo sì kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn kan wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kàn lu ajá lásán ni.

Ti Àlhájà ló yá jù. Lójú Ọ̀rọ̀pọ̀, òun ló lé wọn lọ! Ó gbó, wọ́n sì lọ; àràárọ̀ ló ń ṣẹ́gun, ta ni yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Kì í ṣe gbígbó ni kí ẹ bá jà níbẹ̀, ẹ gba ojú ogun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi pákó pẹlẹbẹ dí ìsàlẹ̀ géètì níbi tó ti ń yọjú, mo sì gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ilé ìdáná. Ọjọ́ kẹta ni Àlhájà bi mí bóyá mo ti tà á. Inú wọn tún dùn pé itọ́ ajá ò ní kàn wọ́n lára mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe àlùwàlá. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Ní ọ̀sán, mi ò fẹ́ kó yadi pátápátá, nítorí olè. Kó gbó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo lò ni pánlá tí mo sè láìfi iyọ̀ sí i, tí mo yọ egungun rẹ̀, tí mo wá gé wẹ́wẹ́ bíi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó o sí. (Ẹ má fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ o, àlùbọ́sà ò bá ẹ̀jẹ̀ ajá mu.) Tó bá ti gbó, màá lọ bá a, màá sọ wẹ́rẹ́, láìpariwo: “O ṣeun, ó tó.” Màá wá gbé pánlá sí i nímú. Kó tó lè gbóòórùn dáadáa, ẹnu á pa dé. Màá ka ení, èjì, kí n tó fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo kà dé ẹẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń ka ogún, “ó tó” nìkan sì ti ń tó láìsí ẹja nímú rẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé, níbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ máṣíìnì ṣì ń lọ lọ́wọ́ kan nígbà tí mo ń wá agolo pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Kí n tó na ẹja, ó ti tún gbó, gbígbó yẹn ni mo sì sanwó fún. Inú ìdákẹ́ gan-an ni kí ẹja bọ́ sí.

Ti ṣúmékà le jù, nítorí ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ “ó tó”. Mo gbé àpótí pákó tí mo ń kó òwú sí, mo fi ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí kàn án lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́: kó. Ó na etí. Kó tó pinnu àtigbó, pánlá ti dé ẹnu rẹ̀. Kó, pánlá. Kó, pánlá. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Ìró ni kó ṣáájú, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i po. Bó bá ti fà sẹ́yìn, ó ti le jù nìyẹn, ẹ padà sí èyí tó rọlẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà nì, ti rí lára ajá láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni mò ń ṣe: ohun tí oúnjẹ bá ti máa ń tẹ̀ lé, itọ́ ajá á ti máa dà kí oúnjẹ tó dé. Mo ní kó bá mi kan àpótí, kó yéé fi ìwé gbéra ga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bẹ ṣúmékà fúnra rẹ̀ kó máa kàn án láti òdìkejì títì, kó wá máa sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Bàtà méjì ni mo fún un tún ṣe, ká lè jọ jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ti oúnjẹ ọ̀sán, ẹ múra. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ̀ láti fún un, á gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjà ló ń ná. Bí ẹ bá gbà fún un lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti kọ́ ọ pé ogún ìṣẹ́jú ni iye owó ẹran. Mo lọ bẹ àwọn ará ilé ṣáájú pé kí wọ́n fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan, mo wá kẹ̀yìn sí i, mo ń jẹ ẹ̀bà mi. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà.

Ohun tó kù kò sí nínú ìwé mi, torí mi ò sí nílé. Màmá Ìbejì ló sọ ọ́: bí mo bá ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀rọ̀pọ̀ á máa hu bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹsẹ̀ tí kò rìn àti ọkàn tí kò rí nǹkan ṣe ló fa púpọ̀ níbẹ̀. Ní báyìí, kí oòrùn tó ràn, a ti rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì ń jẹ́ kó fi imú wá gbogbo ẹsẹ̀ ògiri tó bá wù ú. Bí mo bá ń jáde, mo máa ń fún bébà tí mo fi ń gé pátánì wókowòko sínú páálí, màá fọ́n pánlá sáàárín rẹ̀, kó máa tú u wá. Ilẹ̀ á dọ̀tí, àmọ́ ilé á dákẹ́. Ajá tó bá ń ba ilẹ̀kùn jẹ, tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nígbà tó bá dá wà, ìyẹn kọjá páálí. Dókítà ẹranko ni kí ẹ mú un lọ bá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá tí kì í gbó tẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: etí lè máa dùn ún, tàbí kí ogbó ti dé. Àmọ́ bí ohùn rẹ̀ bá ṣàdédé há, tí itọ́ ń dà, tí kò lè gbé omi mì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Dìgbòlugi lè ni. Ọdọọdún ni kó máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba hósípítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Oṣù pé, Bàbá onílé wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ rán ṣòkòtò, ṣùgbọ́n géètì ni ojú wọn wà. Ṣúmékà kọjá: kó, kó, kó. Ọ̀rọ̀pọ̀ gbó lẹ́ẹ̀kan, ó wẹ̀yìn wo agolo mílíìkì. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wọn àwọn.

Fèrè ọkọ̀ ojú irin ló ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tí ti Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, tí Red Line, ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tún wá kún un lọ́dún 2024, Ọ̀rọ̀pọ̀ kò tíì gbà fún wọn. Mo ti ń kọ aago wọn sínú ìwé.