Bí Mo Ṣe Gbin Tẹ̀tẹ̀, Ewédú àti Ata Rodo sí Ẹ̀yìnkùlé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ooru ilẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Oòrùn lè yọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin kí ara máa yá gágá, ṣùgbọ́n òtútù tó ń dì sórí ewé lóru ṣì lè dé títí di àárín oṣù karùn-ún. Tẹ̀tẹ̀ tó bá bá ilẹ̀ tútù pàdé, jíjẹrà ló máa jẹrà kó tó hù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹmomítà ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ń tì í bọ ilẹ̀, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìgbà tó fi 15°C hàn fún ọjọ́ márùn-ún léra wọn ni mo fọ́n tẹ̀tẹ̀. Ewédú kò gba ìyẹn: 18°C ni mo dúró dè, ó sì di oṣù kẹfà.

Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí òjò bá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí oòrùn bá pa á, á sán. Mi ò bá a jà. Mo fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì ọ̀gbìn lé e lórí: mítà 2 ní gígùn, mítà 1 ní fífẹ̀ kí ọwọ́ lè dé àárín láì tẹ ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 25 ní gíga. Mo tẹ́ páálí sísàlẹ̀ kí koríko má hù wá. Lítà 500 ló gbà, ìyẹn àpò onílítà 50 mẹ́wàá: àpò erùpẹ̀ mẹ́fà, kọ́mpọ́ọ̀sì (ewé àti koríko tó ti jẹrà di ajílẹ̀) mẹ́ta, ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa ẹyọ kan. Ìgbẹ́ tuntun á jó gbòǹgbò. Èyí tó ti jẹrà pàápàá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹṣin lè ti jẹ koríko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí, oògùn yẹn kì í sì í tètè kú nínú ìgbẹ́. Mo gbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú ife kan tí mo po ìgbẹ́ náà mọ́ erùpẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ká ní wọ́n ká kò ni, mi ò ní lò ó.

Ẹ má di irúgbìn sínú báàgì wá láti ilé láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Kò tiẹ̀ pọn dandan. Ohun tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo, tẹ̀tẹ̀ ni. Lal shak àwọn ará Bàngíládẹ́ṣì, tẹ̀tẹ̀ pupa ni. Molokhia àwọn ará Íjíbítì, ewédú gan-an ni. Orúkọ wọ̀nyẹn ni kí ẹ wá lára páálí irúgbìn.

Èèpo kóró ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Mo di ṣíbí tíì kan sínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́, mo fi okùn so ó. Nígbà tí omi hó, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kó dákẹ́, mo ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, mo ka ení dé ẹ̀wá, mo yọ ọ́, mo jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti sè nìyẹn. Mo sá a sórí pépà kí kóró má lẹ̀ mọ́ra, mo gbìn ín sí tírè nínú ilé ní àárín oṣù karùn-ún. Nígbà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbé e jáde lọ́sàn-án, tí mo ń gbé e wọlé lálẹ́, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà pa á lójijì. Lẹ́yìn náà ni mo gbìn ín, sẹ̀ǹtímítà 20 síra wọn. Bí ewé rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, òtútù tàbí omi àpọ̀jù ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má sáré da ajílẹ̀ sí i.

Tẹ̀tẹ̀ rọrùn. Kóró rẹ̀ kéré, nítorí náà mo po ṣíbí tíì kan mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan, mo fọ́n ọn sí poro tó fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà síra, mo bu erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó hù, mo fa àwọn kan tu títí àwọn tó kù fi jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn tí mo fà tu wọ ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ̀tá tó burú jù ni ìgbín tí kò ní ìkarahun. Ní òru kan ó lè jẹ poro tẹ̀tẹ̀ kan tán, itọ́ rẹ̀ nìkan lẹ ó bá lórí ilẹ̀, tó ń dán. Mo ń mú tọ́ọ̀ṣì jáde láago mẹ́wàá alẹ́, mo ń ṣà wọ́n. Oògùn olóró metaldehyde ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin níbí láti 2022. Èyí tó jẹ́ ferric phosphate ni kí ẹ rà.

Omi: lítà 20 sí bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárọ̀, nídìí, kì í ṣe lórí ewé. Ní ọjọ́ bíi 19 oṣù keje 2022, tí ooru dé 40.3°C ní Coningsby ní Íńgílándì, ojoojúmọ́ ni.

Ata rodo nìkan ni kì í dúró de ìgbà ooru. Oṣù kejì ni mo ti gbìn ín nínú ilé, níbi tó gbóná tó 25°C, ó sì lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó hù. Inú garawa onílítà 10 tí mo lu ìdí rẹ̀ ló wà, lẹ́bàá fèrèsé tó dojú kọ gúúsù, torí òru tó bá tutù ju 15°C lọ máa ń gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Kò sí oyin nínú ilé, nítorí náà mo ń fi ìka ta igi rẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo gé tẹ̀tẹ̀, mo fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka, mo sì ń tún un gé lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ewédú, ṣóńṣó orí rẹ̀ ni mo ń já. Ọjọ́ gígùn oṣù kẹfà máa ń dá òdòdó rẹ̀ dúró. Tí ojúmọ́ bá ti ń kúrú ní oṣù kẹjọ, ẹ tètè máa já a kó má baà so. Igi tẹ̀tẹ̀ méjì ni mo fi sílẹ̀ kó gbó. Mo fi ọwọ́ ra orí rẹ̀ sínú abọ́, mo fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, mo di kóró dúdú tó ń dán náà sínú pépà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin.