Bí ẹ ṣe lè ya aṣálẹ̀ Arizona sára ìkòkò amọ̀

Ìkòkò amọ̀ pupa tí wọ́n fi ń gbin òdòdó yẹn, ó máa ń fa omi bíi kànìnkànìn. Ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìta nìkan ni mo kùn, mo gbin nǹkan sí i, mo ń bomi rin ín, kò pẹ́ rárá tí ọ̀dà fi lé ròrò bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Torí náà ẹ fọ ìkòkò, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kẹ́ẹ fi sealer (ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọ amọ̀) kun inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ká tó bọ́ síta.

Ojú ọ̀run ni gbogbo ẹwà ẹ̀. Tí oòrùn bá ń wọ̀ ní aṣálẹ̀ Sonoran, aṣálẹ̀ Arizona yẹn, ìsàlẹ̀ á pọ́n bíi pupa ẹyin, òkè ẹ̀ á dà bí ọsàn, tó bá tún gòkè díẹ̀ á di elése àlùkò. Acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni kẹ́ẹ lò, ẹ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ sì fi fóòmù gbá ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé pẹ́pẹ́pẹ́ kó tó gbẹ, torí acrylic kì í dúró de èèyàn, tó bá ti gbẹ báyìí ìlà á hàn gbangba.

Ó wá kan saguaro, kàkítọ́ọ̀sì gíga yẹn. Ó lè ga ju 40 fíìtì lọ, àmọ́ ó lè tó 50 sí 75 ọdún kó tó yọ apá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ya apá sí èyí kékeré lára, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà dúdú, ìlà gbọọrọ kan láìgbé búrọ́ọ̀ṣì, apá á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kọrí sókè. Ẹ ya ihò kan sí i: ẹyẹ akókó ló ń gbẹ́ ẹ, tó bá kó jáde, òwìwí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní elf owl á kó wọlé. Ojú ẹ̀ ò ju yẹ́lò tó-tó méjì láti ẹnu igi ìtayín.

Coyote (ajá igbó ibẹ̀) tó gbórí sókè tó ń ké ti sú mi, gbogbo ìkòkò ló wà. Roadrunner, ẹyẹ aṣálẹ̀ tó máa ń sáré nílẹ̀, ni kẹ́ẹ yà: ìrù gígùn, ẹnu gígùn, ìyẹ́ orí tó dìde, ó parí.

Ẹ fi fáníìṣì kun ìta lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bu oúnjẹ sínú ẹ̀ o, ihò ìdí ẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí sealer dí i.