Bí A Ṣe Lè Sọ Fíríìjì Àtijọ́ Di Àpótí Ìpọntí Nínú Ilé

Ìdílé tí ń fi àgbàdo tàbí ọkà bàbà pọn ọtí mọ̀ pé ooru ló sábà máa ń ba ọtí jẹ́, kì í ṣe ọkà. Bí yàrá bá móoru dé 30°C, ìwúkàrà á máa kánjú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ nǹkan di kíkan á sì máa bá a du ṣúgà inú ìkòkò, tó bẹ́ẹ̀ tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó dùn ní àárọ̀ òní lè ti kan kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà bíà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kékeré ń fẹ́ ìwọ̀n 18 sí 22°C, ti láágà, irú bíà tí a ń pọn nínú òtútù, sì ń fẹ́ 8 sí 13°C. Fíríìjì tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ní tirẹ̀, máa ń wà ní nǹkan bíi 4°C, níbi tí ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ti máa ń sùn lọ. Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni láti kọ́ fíríìjì kí ó má tutù jù.

Kí ẹ tó náwó sí i, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Fíríìjì tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán fún ọjọ́ kan kí ẹ tó tan án, kí ọ́ìlì lè padà sínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fà á. Bí bébà náà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti rẹ̀ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń darí òtútù lọ́wọ́ àwọn tí ń ta èlò iná. Ó ní ojú tí ń fi nọ́ńbà hàn, ó sì ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ ń mọ ìgbóná. Ẹ ó ki púlọ́ọ̀gì fíríìjì bọ ẹ̀rọ yìí, ẹ ó ki ẹ̀rọ náà bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ ó sì yí bọ́tìnì òtútù fíríìjì fúnra rẹ̀ dé ibi tó tutù jù lọ, kí ẹ̀rọ tuntun yìí nìkan lè máa pàṣẹ. Bí èyí tí ẹ rà bá jẹ́ irú tí a gbọ́dọ̀ so wáyà rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ibi tí ẹ bá fi orí wáyà náà sí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìṣe. Ẹ má fi í kọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì, níbi tí ọtí ga dé nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi fóòmù bò ó. Afẹ́fẹ́ inú fíríìjì máa ń yí padà nígbàkígbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọtí 20 lítà kì í tètè yí padà. Bákan náà, ọtí tí ń hó máa ń mú ooru tirẹ̀ wá, tí ó fi lè gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ sí 19°C, kí ẹ fún un ní àyè 1°C lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa sinmi fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kí ó tó tún tan kọ̀ńpírẹ́sọ̀, nítorí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí a tan kíákíá lẹ́yìn tó kú lè jóná.

Ẹ má ṣe dá ihò sí ara fíríìjì, nítorí páìpù gáàsì lè wà nínú ògiri rẹ̀ tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá kọ R600a sí ara kọ̀ńpírẹ́sọ̀, gáàsì náà lè gbiná. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á gba abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn kọjá láìsí ihò kankan.

Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá ti kú pátápátá, ẹ má sọ fíríìjì náà nù. Fóòmù inú ògiri rẹ̀ ṣì ń dá ooru dúró. Ẹ fi ìgò omi dídì méjì sínú rẹ̀ ní àárọ̀, méjì ní alẹ́, kí ẹ máa wo tẹmómítà, kí ẹ sì máa dín iye ìgò kù tàbí kí ẹ fi kún un. Ọ̀nà yìí náà ni mo dámọ̀ràn fún àdúgbò tí iná kì í dúró, nítorí ọtí púpọ̀ nínú fíríìjì tí a tì pa kì í tètè gbóná.

Ẹ má de ẹnu kẹ́ẹ̀gì pinpin. Ẹ fi rọ́bà gígùn oníhò kan kó afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sínú ìgò omi, kí ẹ sì ṣí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ tí ọtí ń tú jáde lè dá ènìyàn lóòyì. Ẹ má ki orí bọ inú fíríìjì ní kété tí ẹ bá ṣí i. Fíríìjì àtijọ́ tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí láti inú. Ó ti pa àwọn ọmọdé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní ọdún 1956 pé ilẹ̀kùn fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìkọ́ náà kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí fíríìjì náà bá ṣì máa dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ odindi ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí omi inú ìgò bá dákẹ́ ìhó fún ọjọ́ méjì, ẹ yí nọ́ńbà sí 4°C fún ọjọ́ méjì mìíràn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì lè rọra fa ọtí tó mọ́ kúrò lórí rẹ̀.