Nọ́ọ̀tì kan já sínú ẹ́ńjìn Corolla mi: bí mo ṣe yọ ọ́

Ọ́ìlì tó ń sun létí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìn, ló bí gbogbo wàhálà yìí. Corolla 2004 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìn 1ZZ-FE, lítà 1.8. Bí mo bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná lára ẹ́ńjìn á gba inú mọ́tò kan. Mo lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, rọ́bà tó ń dí etí ìdérí náà, ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, mo sì pinnu pé èmi fúnra mi ni màá pa á dà ní Sátidé. Wákàtí kan ni mo bù fún un.

Títú ìdérí yẹn kò le rárá. Kọ́ìlì mẹ́rin lẹ máa kọ́kọ́ fà yọ lórí pilọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà kí ẹ tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó yí ìdérí ká. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ló ń tú gbogbo wọn. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé n kò kó nọ́ọ̀tì sínú abọ́. Mo tò wọ́n sétí ẹ́ńjìn lókè níbẹ̀, bíi pé orí tábìlì ni. Bí mo ṣe ń fi àkísà nu ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí, àkísà gbá ọ̀kan. Ó ró kín, ó tún ró kín, ó sì dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì ń gbà sọ̀kalẹ̀ ló wọ̀ sí.

Ọmọkùnrin kan tó ń wò mí ní kí n sáà ṣíná sí i, pé nọ́ọ̀tì á rọra lọ jókòó sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ṣéènì yẹn ló so kírańkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí nísàlẹ̀, mọ́ kẹ́ẹ̀mù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù lókè. Bí nọ́ọ̀tì bá há sáàárín ṣéènì àti eyín tó ń fà á, ṣéènì lè fo eyín, tàbí kó fọ́ ike tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Mo yọ orí bátìrì kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, mo sì fi àkísà mímọ́ dí ihò ṣéènì kí òmíràn má tún tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Mo ní òòfà kan tó ní ọrùn gígùn bí èyí tí wọ́n fi ń fa eriali rédíò. Kí n tó tì í bọ inú ihò, mo kọ́kọ́ fi kan nọ́ọ̀tì kejì tó ṣẹ́kù. Ó gbé e. Ó dáa, irin ni. Ká ní alumíníọ̀mù ni, òòfà kò wúlò. Àmọ́ nígbà tí mo tì í wọ inú ihò, gbogbo ìgbà ló ń lẹ̀ mọ́ ṣéènì. Mo wá gé ike bíírò, mo fi wọ ọrùn òòfà náà títí ó fi ku orí rẹ̀ nìkan níta. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ gan-an, kò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́. Mo wá a fún bí ogójì ìṣẹ́jú, n kò rí nǹkan kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí ojú lè dé lára ṣéènì, nọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ sínú sọ́ọ̀mpù, agbada tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn.

Mo fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, mo sì gbé e lé orí ẹsẹ̀ irin méjì. Èmi kì í wọ abẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáàkì nìkan, ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí lójo. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 tú bóòtù tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì, mo gba ọ́ìlì sínú abọ́, mo sì ti òòfà bọ inú ihò náà. Ìgbà kẹta ni mo gbọ́ "tá"! Mo rọra fà á, ó dé ẹnu ihò, kò jáde. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, kò gbà. Ihò bóòtù yẹn kò ju mìlímítà 12 lọ, ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ tún mú un kéré sí i, nọ́ọ̀tì tèmi sì ní etí pẹrẹsẹ nídìí. Mo ń fojú rí i, n kò lè mú un. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Mo lọ bá bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì tó wà ní igun òpópónà wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ sọ́ọ̀mpù kalẹ̀."

"Nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àbúrò? Ó dáa, ṣùgbọ́n má fi sùkúdíráfà là á o. Etí rẹ̀ á wọ́, á sì máa jò títí ayé."

Wọ́n yá mi ní ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan. Ẹ́ńjìn yìí kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ọ̀mpù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù ọ̀hún sì ti gan bí àpò sìmẹ́ńtì tí òjò pa. Mo tú àwọn bóòtù 10 tó yí i ká, mo fi òòlù kékeré gbá ọ̀bẹ náà wọlé díẹ̀díẹ̀, mo ń yí i lọ. Nígbà tó já, nọ́ọ̀tì mi wà níbẹ̀ nínú ọ́ìlì dúdú tó ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, gọ́ọ̀mù tó gbẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìn yìí ṣáájú mi ti fi gọ́ọ̀mù kun ún bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, èyí tó kọjá ààlà sì já sínú. Iye ìgbà tí iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì ti ń ṣẹ́jú sí mi láàárọ̀, tí mo ń sọ pé wáyà ni! Mo fi pínsẹ́ẹ̀tì ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì fi bẹntiróòlù fọ asẹ́ náà.

Mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, mo nù ún títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú ibi tí ọ́ìlì bá wà. Mo fa ìlà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín, mo gbà á ní apá inú àwọn ihò bóòtù, kì í ṣe apá òde. Mo gbé sọ́ọ̀mpù padà kíákíá kí ó tó gbẹ, mo dè é láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, n kò fi agbára sí i. Bóòtù kéékèèké ni, wọ́n máa ń já. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní Sunday, mo pààrọ̀ fítà, mo da ọ́ìlì 5W-30 sí i láti inú gálọ̀ọ̀nù lítà mẹ́rin, mo ń yẹ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wò ó wò bí mo ṣe ń dà á, n kò dà á tán. Nọ́ọ̀tì yẹn gan-an ni mo fọ̀, tí mo fi de ìdérí lókè. Mo ṣíná. Iná ọ́ìlì tàn, ó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìn kí n tó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí àmì ọ́ìlì kankan lórí rẹ̀, àyàfi ẹsẹ̀ adìẹ ará ilé kejì.