Ológbò tí kò kúrò lójú kan, àjèjì tó ń béèrè fọ́tò: ìbéèrè àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: À ń kọ́ Primary 4 ní Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń so búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀ kí àwòrán ológbò lè máa rìn. Ọmọ kan tẹ àsíá aláwọ̀ ewé títí, ológbò rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ti èkejì sáré lọ há sí etí pátákó tó ń rìn lórí rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ń lọ ń bọ̀ dáadáa, àmọ́ tó bá ti kan etí, á dorí kodò.

Ìdáhùn: Ẹjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́, ẹ wo búlọ́ọ̀kù òkè pátápátá: ṣé "when flag clicked" ni, ṣé ó sì lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e? Kí ọmọ fa ti òkè. Bí àwọn tó kù ò bá bá a lọ, wọn ò tíì so pọ̀.

Ti èkejì, "move 10 steps" ló wà nínú "forever", búlọ́ọ̀kù tó ń tún nǹkan ṣe láìdúró. Scratch ń ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 300 ìṣísẹ̀; ojú pátákó náà ò sì fẹ̀ ju 480 lọ. Láti àárín dé etí, ìṣẹ́jú àáyá kan ò ní pé. Kí ó sọ 10 di 2, kí ó wá fi "if on edge, bounce" (tó bá kan etí, kó padà) sábẹ́ rẹ̀, nínú "forever" kan náà. Tó bá fi í sókè "forever", ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀kẹta, "set rotation style left-right" lókè "forever" ti tó.

Ẹ má gba mouse lọ́wọ́ ọmọ o. Ẹ nawọ́ sí ibi tí kò dáa, kí ó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ tí ọmọ fi flash gbé wá láti ilé kò ṣí níléèwé.

Ìdáhùn: Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì náà. Scratch 3, tó jáde ní 2019, ló ń fi .sb3 pamọ́, Scratch 2 ń lo .sb2. Tuntun ń ka ti àtijọ́, ti àtijọ́ kì í ka tuntun. Ẹ fi Scratch 3 tí kò nílò dátà sórí kọ̀ǹpútà iléèwé, ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe lè dí àwọn wẹ́ẹ̀bù oníhòòhò?

Ìdáhùn: Bí ráwútà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) bá gbà yín láyè, ẹ yí DNS rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tó ń wá àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù, sí 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 ti Cloudflare, tó ń dí irú wẹ́ẹ̀bù bẹ́ẹ̀. Lórí Android 9 sókè, ẹ wá Private DNS nínú Settings, kí ẹ kọ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀. DNS yìí kò ní rí ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣá, VPN (áàpù tó ń gba ọ̀nà mìíràn wọ íntánẹ́ẹ̀tì) sì lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè: A ti ní kí wọ́n máa sọ fún àgbà. Síbẹ̀, ẹnì kan ń béèrè fọ́tò lọ́wọ́ ọmọ kan lórí fóònù ìyá rẹ̀, ọmọ náà ò sọ.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ẹgba ló ń bà á, àti pé wọ́n á gba fóònù. Ní ìpàdé òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà pé ọmọ tó bá wá sọ, a ò ní nà án, a ò sì ní bú u.

Ohun mìíràn tún wà. A ti kọ́ ọmọ pé kì í dákẹ́ bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní "Uncle" lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Ẹ sọ ọ́ gbangba ní kíláàsì: ẹni tí o kò mọ̀ lójúkojú, àìdá a lóhùn kì í ṣe àfojúdi. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí, kí wọ́n máa ya èyí tó léwu sọ́tọ̀, bí irú: "Kí ni orúkọ iléèwé ẹ?", "Mo máa fún ẹ ní káàdì", "Má sọ fún mọ́mì o". Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù; kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí.

Ti ọmọ ò ju mẹ́ta lọ: má fèsì, má pa á rẹ́, gbé fóònù fún àgbà. Kí àgbà kọ́kọ́ ya screenshot ọ̀rọ̀ náà àti nọ́ńbà, kó tó tẹ Report àti Block, torí ọ̀rọ̀ náà lè pa rẹ́ lẹ́yìn Report. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá. Òfin Cybercrimes ti 2015 ní Nàìjíríà ka irú èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí àwòrán ìhòòhò ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ má yà á, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sórí group òbí láti kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin yẹn kan náà lè mú ẹni tó fi í ránṣẹ́.